Ẹ̀tọ́ àwọn LGBTQ ní ìpínlẹ̀ Ògùn: ṣé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mosàn ni ọ̀rọ̀ wà, àbí ilé ẹjọ́ Ìjẹ̀bú-Òde?

Adérẹ̀mí_Òdògbólú kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa tá a ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀tọ́ àwọn LGBTQ, ìyẹn àwọn akọsákọ, abosábo àti àwọn tó jọ wọ́n. Àwọn kan ní bí wọ́n ṣe jà fún un ní Amẹ́ríkà ló yẹ ká ṣe é, ká máa mú un ní ìpínlẹ̀ kan sí ìkejì. Illinois ló kọ́kọ́ yọ ìbálòpọ̀ akọsákọ kúrò nínú òfin ọ̀daràn rẹ̀ lọ́dún 1961. Wisconsin ṣòfin lọ́dún 1982 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tìtorí ẹni tí èèyàn ń fẹ́ lé e kúrò níbi iṣẹ́. Ilé ẹjọ́ Massachusetts fàyè gba ìgbéyàwó wọn lọ́dún 2003, ọdún 12 gbáko kí ilé ẹjọ́ tó gajù ní Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di ti gbogbo ìpínlẹ̀.

Ṣé Ògùn lè gba ọ̀nà yẹn? Tí kò bá lè gbà á, kí ni lọ́yà tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lè ṣe gan-an? Mi ò wá ìwàásù o, ẹni tó bá mọ abala òfin ni kó bá wa dá sí i.

Lọ́yà_Ṣàgámù kọ:

Àbúrò, ọ̀nà yẹn kò já sí ọ̀dọ̀ wa. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́hùn-ún ló ní ìwé òfin tirẹ̀, òfin ìgbéyàwó tirẹ̀ àti ilé ẹjọ́ tó gajù tirẹ̀. Ìwé òfin Massachusetts ni àwọn adájọ́ ibẹ̀ tú wò kí wọ́n tó dá ẹjọ́ 2003 yẹn. Kí ni Ògùn fẹ́ tú wò? Ìwé Òfin 1999 kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò, òun náà ló sì gbé ìgbéyàwó tí kì í ṣe ti ìbílẹ̀ tàbí ti Mùsùlùmí sọ́wọ́ àwọn aṣòfin Àbújá nìkan. Nọ́ńbà 61 ni, nínú àtòjọ àwọn ohun tí ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn náà ni òfin tó ka ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo léèwọ̀, èyí tí à ń pè ní SSMPA. Orúkọ ọdún 2013 ló ń jẹ́, àmọ́ ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ú. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ọdún 10 ni fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó bá wọ ibẹ̀, ọdún 10 náà ni fún ẹni tó bá fi ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Òfin àpapọ̀ ni. Abala 4(5) nínú Ìwé Òfin sì ti là á mọ́lẹ̀ pé òfin ìpínlẹ̀ tó bá ta ko òfin tí àwọn aṣòfin àpapọ̀ ṣe lọ́nà tó tọ́, òfo ni. Aṣòfin tó bá dìde ní Òkè-Mosàn láti pa SSMPA rẹ́, ẹnu lásán ló ń dá.

Ohun tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ni òfin ọ̀daràn tó ti wà kí SSMPA tó dé. Abala 214, 215 àti 217 ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí: ọdún 14 fún ìbálòpọ̀ tí àwọn òyìnbó amúnisìn sọ pé ó lòdì sí ìṣẹ̀dá, 7 fún ẹni tó gbìyànjú rẹ̀, 3 fún ìwà àìmọ́ láàárín ọkùnrin sí ọkùnrin. Irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí kò sí nínú àtòjọ Àbújá, ìdí nìyẹn tí Èkó fi rí àyè tún gbogbo òfin ọ̀daràn tirẹ̀ kọ lọ́dún 2011. Ògùn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, bó bá fẹ́.

Àǹtí_Ìpẹru kọ:

Ẹ̀gbọ́n, bí Ògùn bá yọ 214 kúrò, ṣebí SSMPA ṣì ń bẹ níbẹ̀. Kí wá ni èrè rẹ̀?

Lọ́yà_Ṣàgámù kọ:

Èrè wà ńbẹ̀, Àǹtí. Ẹ tún SSMPA kà dáadáa. Ìgbéyàwó ló mú, àti ẹgbẹ́, ìpàdé, ìwọ́de, pẹ̀lú ìfẹ́ tí èèyàn fi hàn ní gbangba. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí àgbàlagbà méjì fohùn ṣọ̀kan ṣe nínú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀. 214 àti 217 ló wọ inú yàrá. Tí wọn ò bá sí mọ́, ọlọ́pàá tó já wọ ilé onílé lóru kò ní rí ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ kan dì mú.

Bàbá_Ìjẹ̀búIgbó kọ:

Lọ́yà, ẹ ti sọ ohun tó ṣeé ṣe nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní Òkè-Mosàn.

Aṣòfin 26 ló wà níbẹ̀. Àbádòfin gbọ́dọ̀ ní ẹni tó gbé e wá, kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kíní, kí wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ nígbà kejì, kó lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, kí wọ́n pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn, kí wọ́n tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Gómìnà ní ọjọ́ 30 láti buwọ́ lù ú. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ló lè borí rẹ̀, ìyẹn èèyàn 18. Ẹ bá mi wo Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú North, Òdògbólú, Ìkẹ́nnẹ́, Ṣàgámù àti Remo North, kí ẹ dárúkọ aṣòfin kan ṣoṣo tó máa fẹ́ kí orúkọ òun wà lára irú àbádòfin bẹ́ẹ̀ kí ìbò tó ń bọ̀ tó dé.

Èyí tó tún wá burú ni pé abala tí ẹ bá ṣí sílẹ̀ lè padà wá le ju bó ṣe wà lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n gbé àbádòfin kan wá sí ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábùújá láti fi wíwọ aṣọ ọkùnrin fún obìnrin àti aṣọ obìnrin fún ọkùnrin kún SSMPA, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn 500,000 náírà. Ẹni tó bá gbé 214 wá síwájú ìgbìmọ̀ ní Abẹ́òkúta lónìí ń fún ẹlòmíì ní bébà àti bírò láti fi ohun tirẹ̀ kún un ni.

Ìlànà ni kí ẹ máa lé kiri, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ ná. Ògùn ti ní òfin tó ka ìwà ipá sí ọmọnìyàn léèwọ̀ láti ọdún 2017. Ó sì ní òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn. Àwọn méjèèjì yìí dáàbò bo gbogbo èèyàn, wọn ò béèrè irú ẹni tí èèyàn jẹ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ lù, tó lé jáde nílé torí ohun tó rí nínú fóònù rẹ̀, lè gba àṣẹ ààbò nílé ẹjọ́ lábẹ́ òfin ìwà ipá yẹn. Kò pọn dandan kó ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi lù ú. Lílù ni ẹjọ́.

Adérẹ̀mí_Òdògbólú kọ:

Ọ̀rọ̀ yín wọlé, Bàbá. Ó jọ pé ilé ẹjọ́ àti àgọ́ ọlọ́pàá ni iṣẹ́ wà nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá gbé èèyàn.

Lọ́yà_Ṣàgámù kọ:

Ó dáa. Ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti ń ba ọ̀pọ̀ ẹjọ́ báyìí jẹ́. Ohun tí èèyàn ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá kì í fẹ́ jẹ́ kí lọ́yà tó dé lọ́jọ́ kẹta rí nǹkan ṣe mọ́.

Abala 35 nínú Ìwé Òfin ló ń bójú tó o. Ẹni tí wọ́n mú lè panu mọ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sílẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ tó lágbára bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú un, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Òdògbólú, Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru àti Ṣàgámù, kò sí àwáwí: ọjọ́ kan ni. Bóyá ní ìsàlẹ̀ etídò Ogun Waterside ni ọlọ́pàá ti lè máa jiyàn. Ọgbọ́n tí wọ́n sábà máa ń dá ni láti gbé èèyàn láti àgọ́ kékeré lọ sí Area Command, láti ibẹ̀ dé Eléwéran, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, kí wọ́n wá máa ka ọjọ́ láti ibi tó dé gbẹ̀yìn. Irọ́ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ bà á ni aago ti ń ká. Nítorí náà, ohun tí lọ́yà máa kọ́kọ́ kọ sínú ìwé rẹ̀ ni aago tí wọ́n mú un, ibi tí wọ́n ti mú un, orúkọ tó wà láyà ọlọ́pàá náà àti nọ́ńbà ọkọ̀.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má san owó béèlì. Ẹ mú ẹni tó máa dúró fún un wá, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ àti àdírẹ́sì gidi.

Ẹ ṣọ́ra fún státímẹ́ǹtì. Wọ́n lè ní kó kọ «mo gbà pé…» kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n fi ìyà tàbí ìhalẹ̀ gbà, abala 29 Òfin Ẹ̀rí 2011 kò gbà kí ilé ẹjọ́ lò ó, òfin tó ka ìfìyàjẹni léèwọ̀ lọ́dún 2017 sì sọ ẹni tó fìyà jẹ ni di ọ̀daràn. Àmọ́ ẹ ò lè fi ẹnu lásán sọ ọ́ nílé ẹjọ́. Ẹ ya àwòrán ojú ọgbẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kọ déètì sí i. Ọgbẹ́ máa ń san kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́.

Ìkejì ni àyẹ̀wò ìdí tipátipá tí wọ́n máa ń ní kí dókítà ṣe. Kò fi nǹkan kan hàn nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé bu ẹnu àtẹ́ lù ú lọ́dún 2017, wọ́n sì ní kí dókítà máa kọ̀ ọ́. Lọ́yà gbọ́dọ̀ fi ìwé kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ.

Tìjà_Àgọ́Ìwòyè kọ:

Fóònù ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù. Wọ́n á dá ọkọ̀ dúró, wọ́n á ní «ṣí fóònù ẹ».

Lọ́yà_Ṣàgámù kọ:

Abala 37 dáàbò bo ilé, lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí fóònù. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ọdún 2015, abala 45, ní adájọ́ ni ọlọ́pàá máa lọ bá fún wáráǹtì kó tó tú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò. Ọlọ́pàá ojú títì kò ní wáráǹtì kankan lápò.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n má tàn yín jẹ. Ẹ̀rí tí wọ́n gbà lọ́nà àìtọ́ kì í ṣe òkú ẹ̀rí ní Nàìjíríà. Abala 14 Òfin Ẹ̀rí ní adájọ́ lè gbà á, abala 15 sì to ohun tó máa wò kó tó gbà á tàbí kọ̀ ọ́: bó ṣe wúlò tó, bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe tóbi tó, bóyá ọlọ́pàá mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin, bóyá ó rọrùn láti gbà á lọ́nà tó tọ́. Lọ́yà tó kàn dìde tó ní «kò sí wáráǹtì, ẹ dà á nù» ti pàdánù. Abala 15 ló máa mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni abala 84: ohun tó bá jáde látinú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tó sọ ẹ̀rọ tó ti jáde àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Screenshot tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ní búùtù ìtẹ̀wé níwájú àgọ́, láìsí ìwé yẹn, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Adékọ́yà_Ìṣarà kọ:

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ọlọ́pàá lọ ni kító. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ẹnì kan á bá ọ sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí fóònù, á ní kí ẹ pàdé, ibi tó o bá dé, àwọn jàǹdùkú mẹ́rin ló máa yọ sí ọ. Wọ́n á ya fídíò rẹ, wọ́n á gbé ọ lọ sí ibi POS kí o gbowó fún wọn. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù á bà ọ́ láti lọ sọ.

Ìhalẹ̀ gbowó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Òfin ọ̀daràn ò gbà kí èèyàn fi «màá fẹ̀sùn kàn ọ́» gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, abala 24 òfin orí kọ̀ǹpútà tún mú ẹni tó fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe é. Ohun tó ń ba ìwé ẹ̀sùn jẹ́ ni pé ẹni tí wọ́n jà lólè máa ń ṣàlàyé ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé ẹ̀sùn náà kò nílò ìtàn ìfẹ́. Ohun tó nílò ni nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi halẹ̀, ọ̀rọ̀ ìhalẹ̀ náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́, iye owó, nọ́ńbà àkáǹtì, rìsíìtì POS, aago àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Òtítọ́ ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí ẹni tó bá parọ́ nínú ìwé ìbúra ti dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn, àmọ́ òtítọ́ kò ní kéèyàn dáhùn ohun tí wọn ò bi í. Kí lọ́yà kọ ọ́ sórí ìwé tirẹ̀, kó gbé e lọ bá Area Commander, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ gbígbà lu ẹ̀dà tó máa mú padà. Má dá nìkan lọ sí àgọ́ tó wà ládùúgbò. Nígbà mìíràn, ọlọ́pàá ibẹ̀ mọ àwọn jàǹdùkú náà.

Má pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lórí fóònù. Má tún san èkejì. Ẹni tó sanwó lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń padà wá bá.

Bàbá_Ìjẹ̀búIgbó kọ:

Ẹ fi sí i pé kí wọ́n kọ̀wé sí báńkì lọ́jọ́ náà gan-an. Báńkì lè dá owó dúró bí wọ́n bá tètè gbọ́. Bó bá di ọjọ́ kejì, owó ti fò.

Àǹtí_Ìpẹru kọ:

Mo fẹ́ mọ̀ nípa pípe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Àbújá ni gbogbo èyí tí mò ń gbọ́. Ṣé a lè pe irú ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Lọ́yà_Ṣàgámù kọ:

A lè pè é. Abala 46 ní ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ náà lójú ni. Ilé Ẹjọ́ Tó Gajù ti sọ nínú ẹjọ́ Jack àti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Makurdi lọ́dún 2004 pé ti ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ jọ ní agbára yẹn ni. Ẹ kò ní láti rìn dé Abẹ́òkúta lọ bá ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀. Ti Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù tó.

Ìlànà ọdún 2009 ni à ń lò. Ìwé mẹ́ta ni ẹ máa gbé lọ pẹ̀lú ìwé ìpẹ̀jọ́ fúnra rẹ̀: àlàyé tó sọ orúkọ olùpẹ̀jọ́, ohun tó ń béèrè àti ìdí rẹ̀, ìwé ìbúra tó sọ ìṣẹ̀lẹ̀, àti àròyé lọ́yà lórí òfin. Ọjọ́ 5 ni àwọn tí ẹ pè ní láti fèsì, ẹ̀yin náà ní ọjọ́ 5 láti dá wọn lóhùn lórí òfin. Ìlànà náà ní kí wọ́n gbọ́ ọ láàárín ọjọ́ 7 tí ẹ gbé e wọlé, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn ṣètò ìgbésí ayé yín. Kò sí òfin tó ní ọjọ́ ti kọjá lórí irú ẹjọ́ yìí. Bí ẹni náà bá ṣì wà látìmọ́lé, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ adájọ́ láì dúró de ẹnì kejì, bí ẹ bá fi hàn pé ìyà ńlá wà níbẹ̀.

Ibi tí ẹjọ́ ti ń ṣubú ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Èèyàn mẹ́jọ tí wọ́n jọ mú níbi àríyá, lọ́yà kó gbogbo wọn sínú ìwé kan ṣoṣo. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ nínú ẹjọ́ Kporharor àti Yedi lọ́dún 2017 pé ẹ̀tọ́ yìí jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọn ò lè fi ìwé kan pè é pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé jẹ́ mẹ́jọ. Owó rẹ̀ pọ̀ sí i lóòótọ́, àmọ́ kò tó owó tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ padà.

Èkejì: ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí ohun tí ẹ ń béèrè. Bó bá jẹ́ pé owó ilé tàbí iṣẹ́ tí wọ́n lé e kúrò ni olórí, tí ẹ wá fi ẹ̀tọ́ bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á da á nù.

Ẹ̀kẹta ni yíyan abala. Abala 45 fàyè gba ìjọba láti dín ẹ̀tọ́ abala 37 sí 41 kù nítorí ìwà ọmọlúàbí àwùjọ, ààbò tàbí ìlera. Kò dárúkọ 34, àkókò pàjáwìrì nìkan ló sì ti dárúkọ 35. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbé iyì ọmọnìyàn àti òmìnira síwájú: wọ́n lù ú, wọ́n tú u sí ìhòòhò, wọ́n fi sátìmọ́lé ju ọjọ́ kan lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí tó lè dáhùn ìyẹn. Ẹ má sì fi abala 42 nìkan ṣe igi lẹ́yìn ọgbà. Ẹ̀yà, ibi tí a ti wá, ẹ̀sìn, akọ tàbí abo, èrò òṣèlú ló tò síbẹ̀, kò dárúkọ ẹni tí èèyàn ń fẹ́. Ẹ fi abala 2 ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọ Áfíríkà kún un, èyí tó ní «tàbí ipò mìíràn». Ó ti di òfin nílé wa, ẹjọ́ Abacha àti Fawehinmi lọ́dún 2000 sì ní ó ga ju àwọn òfin ilé yòókù lọ, Ìwé Òfin nìkan ló jù ú.

Adérẹ̀mí_Òdògbólú kọ:

Ṣé ẹnì kan ti jàre rí?

Lọ́yà_Ṣàgámù kọ:

Ifeanyi Orazulike, ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan. Ọlọ́pàá gbé e ní ọ́fíìsì rẹ̀ l'Ábùújá lọ́dún 2014. Ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, wọ́n sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù kan náírà fún un lọ́dún 2016. Ẹ wò ó dáadáa: mímú àti àtìmọ́lé ló bá wọn fà, kò sọ pé kí ilé ẹjọ́ pa SSMPA rẹ́.

Ebah ni òdìkejì rẹ̀. Òun gbógun ti SSMPA fúnra rẹ̀ lọ́dún 2014, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò kàn án tààrà, wọ́n da ẹjọ́ nù. Bẹ́ẹ̀ ìlànà 2009 ní ẹnì kan lè pe ẹjọ́ fún ẹlòmíì, wọn ò sì gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn da á nù. Ìlànà ń sọ tirẹ̀, adájọ́ ń sọ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ rí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kó buwọ́ lùwé.

Ti àwọn 47 náà wà, tí wọ́n kó ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ègbẹ̀dá l'Ékòó lọ́dún 2018. Ẹ̀sùn ìfẹ́ ní gbangba lábẹ́ SSMPA ni. Ìjọba kò rí ẹlẹ́rìí mú wá, ilé ẹjọ́ bá ju ẹjọ́ náà nù ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Àmọ́ wọn ò dá wọn láre. Wọ́n lè padà gbé e wá bí wọ́n bá fẹ́.

Bàbá_Ìjẹ̀búIgbó kọ:

Kí n fi èyí tì í. Abala 6 SSMPA ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ tàbí ti Àbújá ló ní agbára láti gbọ́ ọ. Tí ọlọ́pàá bá gbé èèyàn lọ bá Májísíréètì ní Ìjẹ̀bú-Òde pé kó fi í sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn DPP, ìyẹn ọ̀gá àwọn lọ́yà ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn, yóò fi dé, lọ́yà kò gbọdọ̀ jókòó. Kó sọ pé Májísíréètì kò lè gbọ́ ẹjọ́ náà, kó béèrè béèlì lójú ẹsẹ̀, bí wọ́n bá kọ̀, kó gbé béèlì lọ sí ilé ẹjọ́ gíga lọ́jọ́ kejì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó lè dá ẹjọ́ dúró. Ti abala 214 wà lọ́wọ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ Ògùn, abala 211 Ìwé Òfin ló fún un lágbára. Ti SSMPA wà lọ́wọ́ ti ìjọba àpapọ̀, abala 174. Oṣù mélòó kan ni ìwé ẹ̀bẹ̀ tó lọ sí ibi tí kò yẹ máa ń fi ṣòfò.

Ọmọ_Balógun_Kúkù kọ:

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú náà kọ́ lẹ ń sọ yìí? Àwọn ọba wa gbọ́ sí èyí? Àṣà wa kò gbà á.

Adékọ́yà_Ìṣarà kọ:

Bọ̀dá, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ gbà á nílé yín. Àwọn jàǹdùkú kító tí wọ́n ń fi POS gba owó ọmọ ọlọ́mọ, ṣé àṣà wa nìyẹn? Àbí ọlọ́pàá tó ń tú èèyàn sí ìhòòhò?

Tìjà_Àgọ́Ìwòyè kọ:

Ẹgbẹ́ ńkọ́? Àwa kan fẹ́ máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ̀rù abala 4 SSMPA ń bà wá. (Àbí kí règbérégbé, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí Ìjẹ̀bú, náà ṣọ́ra ni, aṣọ kan náà tí ọkùnrin ọgọ́rùn-ún ń wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba!)

Lọ́yà_Ṣàgámù kọ:

Ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ «tààrà tàbí ní ẹ̀bùrú» tó wà nínú abala 4 gbòòrò tó bẹ́ẹ̀.

CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò ní fọwọ́ sí ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kéde ọ̀rọ̀ náà. Pamela Adie gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ l'Ábùújá nítorí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì da ẹjọ́ rẹ̀ nù lọ́dún 2018. Ilé ẹjọ́ tó gajù ní Kẹ́ńyà sọ òdìkejì rẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2023, ẹ lè fi í ṣe àròyé, àmọ́ kò de adájọ́ wa. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, ìyẹn kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní abala 34, 35 àti 37, ti gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀, fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, lábẹ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òfin tàbí ẹ̀ka NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà. Ẹ má ṣe àkọsílẹ̀ orúkọ ẹni tó wá. Ìwé orúkọ ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ ń wá bó bá wọlé.

Ti lọ́yà: abala 5(3) mú ẹni tó ti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Kò mú lọ́yà tó dúró fún olùjẹ́jọ́, torí abala 36 Ìwé Òfin fún gbogbo ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ sí lọ́yà. Kí ìwé tí oníbàárà fi gbà yín wà nínú fáìlì, pẹ̀lú déètì. Ẹni tí kò lówó, kó kọ̀wé sí Legal Aid Council l'Ábẹ́òkúta.

Àǹtí_Ìpẹru kọ:

Bí a bá jàre tí wọ́n ní kí ọlọ́pàá sanwó, ṣé wọ́n ń san án?

Lọ́yà_Ṣàgámù kọ:

Ibẹ̀ ló le jù, Àǹtí. Bí ẹ bá fẹ́ gba owó ìjọba tó wà ní báńkì lábẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, abala 84 òfin Sheriffs and Civil Process ní kí ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ Agbẹjọ́rò Àgbà. Ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́ gan-an ló tún máa fún yín láṣẹ, ẹ rí bí ó ṣe rí. Nítorí náà, ẹ pe DPO tàbí ọlọ́pàá tó ṣe é ní orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú Kọmíṣánnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀. Bí ìdájọ́ bá mú òun fúnra rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ àti ìgbéga rẹ̀ wà lórí ìlà. Kí ẹ sì béèrè ìtúúbá ní gbangba lábẹ́ abala 35(6), kì í ṣe owó nìkan. Ìtúúbá kò gba àṣẹ ẹnì kankan.

Adékọ́yà_Ìṣarà kọ:

Ohun kan tí ẹ gbàgbé. Bí olùpẹ̀jọ́ kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ Yorùbá ló fi sọ ìtàn rẹ̀, ìwé ìbúra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn ní ìsàlẹ̀ pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un ní Yorùbá kó tó tẹ̀ka, kí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ náà kọ orúkọ rẹ̀ kó buwọ́ lù ú níwájú ẹni tó ń gba ìbúra nílé ẹjọ́. Lọ́yà ìjọba máa ń wo ibẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Bí gbólóhùn yẹn kò bá sí, ìwé ìbúra ṣubú, gbogbo ohun tí a ti ń sọ látòwúrọ̀ sì bá a lọ.

Tìjà_Àgọ́Ìwòyè kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹni tó túmọ̀ lè jẹ́ ọmọ ọ́fíìsì lọ́yà kan náà?

Adékọ́yà_Ìṣarà kọ:

Ó lè jẹ́ ẹ, àmọ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ ló dáa jù. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun náà wà nínú ẹjọ́.